Lẹ́yìn Àdúrà, Ìbéèrè: Èdè Yorùbá àti Òye Àwọn Àmì Ara Aboyún

ÌFÁÀRÀ



Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó gbé olùkọ́ lítíréṣọ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀ aboyún. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì gbẹ̀bí rí. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi: bí a ṣe ń sọ ọ́, ohun tí ó ń fi hàn, àti ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí aboyún tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ. Yóò sọ ohun tí ó ń ṣe é fún ọkọ rẹ̀, fún ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí fún ẹni tí wọ́n jọ pàtẹ lọ́jà. Ohun tí àwọn wọ̀nyí bá fi dá a lóhùn ni yóò pinnu bóyá yóò dé ọ̀dọ̀ dókítà, tàbí bóyá kò ní dé ibẹ̀ láéláé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti wọlé.

Àpòmù kò jìnnà sí Ìkirè tí a wà yìí. Àwọn ará ìlú náà kò ní bínú bí mo bá rán wa létí ìtàn kan tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: pé aáwọ̀ lórí ataare tí a tà ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tí ó tanná ran Ogun Òwu ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tí ó ju ataare lọ wà lẹ́yìn ogun náà, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ìjà ataare lásán ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì ara aboyún rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ataare lọ. A ó parí ìjà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn díẹ̀ kan sì wà tí ogun ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìnira oyún. Ó ní orúkọ fún jàǹbá tí ń pa aboyún. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní orúkọ kankan fún ojú ọ̀nà tí ó ti ọ̀dọ̀ ti ìṣáájú lọ sí ọ̀dọ̀ ti ìkẹyìn. Inú àlàfo yìí ni a ti ń sọ ìyá nù.

BÍ A ṢE Ń SỌ̀RỌ̀ OYÚN

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Yorùbá kì í sábà pe oyún ní oyún ní gbangba. A ó ní obìnrin náà ti fẹ́raku. A ó ní ó ti di abara méjì. A ó ní ó ti diwọ́ disẹ̀ sínú. Ìtìjú kọ́ ni ó fa èyí o, ìṣọ́ra ni. Ohun tí a kò tíì gbé jó ni a kò fẹ́ kí ojú pọ̀ lé lórí.

Bí oyún náà bá wá hàn, ẹrù ni a kà á sí. Aboyún ru ẹrù, yóò sì sọ̀ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kí i pé Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ìkíni yìí dára, ó sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ru ẹrù, a ti mọ̀ pé ọrùn yóò ro ó, pé ẹsẹ̀ yóò dùn ún, pé òógùn yóò bò ó. Kò sí ohun tí ó lè ṣe é tí yóò yà wá lẹ́nu. Nítorí náà, ohunkóhun tí aboyún bá ráhùn lé lórí, ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀: «Ìṣe oyún ni. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀.» A ti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Bákan náà ni ìpamọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí pé a fẹ́ bo àṣírí oyún títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí ikùn yóò fi yọ. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó kéré tán, kí ó tó bímọ, àti pé kí ti àkọ́kọ́ wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ 12 yìí kan náà ni oṣù mẹ́ta tí a fi ń pa á mọ́. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a bá àṣà jà lórí èyí. Agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́ kì í tú àṣírí aboyún. Ẹni tí ó bá sọ fún un kò tíì sọ fún ayé.

ÀWỌN ÌNIRA TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Kí a tó lè mọ èyí tí ó léwu, ó yẹ kí a mọ èyí tí kò léwu, kí a sì mọ ìdí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀. Bí oyún bá ti dúró, ara obìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè àwọn èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní họ́mọ̀nù lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀kan nínú wọn, tí ń jẹ́ progesterone, ní í dẹ iṣan ilé-ọmọ kí ó má baà ti ọmọ jáde kí àkókò tó tó. Ṣùgbọ́n iṣan ilé-ọmọ nìkan kọ́ ni ó ń dẹ̀. Ti ọ̀nà oúnjẹ àti ti ìfun ń dẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ inú ara náà a máa lé sí i, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ìyípadà wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìnira ti ń wá.

Èkínní ni inú ríru, èébì àti itọ́ dídá. Bí obìnrin méje nínú mẹ́wàá ni í rí i. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀pọ̀ a sì bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní àìsàn òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́. Ohun tí ó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí aboyún máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ó má jẹ́ kí inú òun ṣófo pátápátá, kí ó jẹ bisikíìtì tàbí búrẹ́dì díẹ̀ kí ó tó dìde lórí ibùsùn, kí ó sì yẹra fún òórùn tí ó bá ń rú inú rẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa fi atalẹ̀ sí i. Ìwádìí ìgbàlódé náà ti fi hàn pé atalẹ̀ ń dín inú ríru kù fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ibi tí ààlà wà nìyí: bí omi lásán kò bá dúró nínú rẹ̀ mọ́, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá kéré tí ó sì pọ́n kìì, bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tí ó bá dìde, tí ó sì ń rù, kì í ṣe atalẹ̀ ni ó kù. Ilé ìwòsàn ni, nítorí omi ara rẹ̀ ń tán.

Èkejì ni àyà títa, tí ó dà bí ẹni pé iná ń jó ni láti inú wá sí ọ̀fun. Iṣan tí ó ń pa ẹnu ọ̀nà àpò oúnjẹ dé ti dẹ̀; ilé-ọmọ tí ó ń dàgbà sì ń ti àpò náà sókè. Omi kíkan inú rẹ̀ a wá máa gòkè. Mo fẹ́ kí ẹ dárí jì mí nígbà tí mo bá sọ pé dòdò Ìkirè kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rọ̀, tí a fi ata àti iyọ̀ pò, tí a wá dín nínú epo títí ó fi dúdú: adùn ni, orúkọ ìlú wa sì ni lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n epo àti ata ni olórí ohun tí ń ru omi kíkan yìí sókè. N kò ní kí aboyún má jẹ ẹ́. Mo ní kí ó jẹ ẹyọ kan dípò mẹ́rin, kí ó má jẹ ẹ́ ní alẹ́, kí ó má sì dùbúlẹ̀ kété tí ó bá jẹun tán. Bí ó bá fẹ́ sùn, kí ó fi ìrọ̀rí gbé orí àti èjìká rẹ̀ sókè.

Ẹ̀kẹta ni ìgbẹ́ líle, àti jẹ̀díjẹ̀dí tí ó máa ń bá a rìn. Ìfun tí ó ti dẹ̀ kì í tètè ti ìdọ̀tí síwájú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún lè mú un le sí i, ó sì ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Mo mọ àwọn obìnrin tí ó tìtorí ìgbẹ́ dúdú yìí da oògùn náà nù, tí wọ́n rò pé ó ń ba inú àwọn jẹ́. Kò ba nǹkan jẹ́. Irin tí ara kò lò ni ó ń jáde. Omi púpọ̀, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọsàn, ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n dáradára, àti ìrìn díẹ̀ lójoojúmọ́ ni yóò tú u.

Ẹ̀kẹrin, tí n ó da pọ̀ sójú kan, ni ẹ̀yìn dídùn, pajápajá ẹsẹ̀ lóru, ìtọ̀ léraléra àti àárẹ̀. Ẹrù tí ó wà níwájú ni ó ń fa ẹ̀yìn. Kí aboyún má bẹ̀rẹ̀ gbé garawa omi, kí ó rọra kúnlẹ̀ gbé ohun tí ó bá kéré. Bí pajápajá bá mú ẹsẹ̀, kí ó na ẹsẹ̀ náà tààrà, kí ó sì fa ọmọ ìka rẹ̀ sókè síhà ojúgun. Ìtọ̀ léraléra kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń ta á bí ata, tàbí tí ibà bá bá a wá, àrùn ti wọ ilé ìtọ̀ nìyẹn, ó sì fẹ́ oògùn.

Ẹ̀karùn-ún wà lórí ààlà. Àárẹ̀ tí kò lọ, kí ọkàn máa lù kìkì nígbà tí a bá rìn díẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ àti ìpéǹpéjú funfun: àìtó ẹ̀jẹ̀ ni. Orí gbígbóná àti òtútù tí ń mú ni gbọ̀n: ibà ni, títí àyẹ̀wò yóò fi sọ ohun mìíràn. Àwọn méjèèjì yìí wọ́pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n ní ìṣe oyún. Ìṣe oyún kọ́ ni wọ́n. Ẹ̀fọn ni ó fa èkejì, ó sì máa ń fa èkínní pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún aboyún ní irin àti folic acid lójoojúmọ́, tí wọ́n ń ní kí ó sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ń fún un ní oògùn ìdènà ibà ní ilé ìwòsàn láti ìgbà tí oyún bá ti wọ ìdá kejì, ní oṣù kan síra, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta, ó kéré tán.

OHUN TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Ẹsẹ̀ wíwú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ aboyún ni ẹsẹ̀ ń wú ní oṣù ìkẹyìn, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìdúró gígùn. Ilé-ọmọ tí ó ti tóbi ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gòkè láti ẹsẹ̀. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, tí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ sùn, yóò fà ní òwúrọ̀. Ìnira lásán ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Ìyàwó àbúrò bàbá mi lóyún. «Ìyàwó» ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà ọkọ rẹ̀ ni ó ń wọ̀. Àwọn ìyá ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìbejì ni, wọ́n ní akọ ni. Lẹ́yìn èyí, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n ní ara rẹ̀ gba oyún. Ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n ní, «Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀.» Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé àtùpà kọjá níwájú rẹ̀, ó ní iná náà ń ṣe méjì-méjì lójú òun. Èmi náà, ọmọdé tí mo jẹ́, àdúrà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àgbà ni mo ṣe fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì ti gbé e. Wọ́n ní òtútù ni. Wọ́n dáná, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Nígbà tí ọkọ̀ yóò fi dé, ó ti bọ́.

N kò sọ ìtàn yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn obìnrin ilé wa fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ní lédè ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n nílò ni kò sí nínú èdè náà.

Àìsàn tí ó pa á ni àwọn dókítà ń pè ní pre-eclampsia, tí ó di eclampsia nígbà tí gìrì dé. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà nínú ibi ọmọ, tí kò fìdí múlẹ̀ nínú ilé-ọmọ bí ó ti yẹ. Ara ìyá a wá máa ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù. Ìfúnpá rẹ̀ a dé 140/90 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Purotéènì a sì sábà máa jò sínú ìtọ̀. Bí ó bá dé ọpọlọ, orí a fọ́, ojú a ṣú, gìrì a tẹ̀lé e. Òtútù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní àgbáyé, lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ dídà, àwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ni ó tẹ̀lé e nínú ohun tí oyún fúnra rẹ̀ fi ń pa ìyá.

Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kan tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jáde. Wọ́n bá àwọn ìyá, àwọn bàbá, àwọn àgbà àti àwọn agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ lórí àìsàn yìí. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ní orúkọ fún gìrì náà: gìrì aláboyún. Ọ̀pọ̀ sì gbà pé òtútù ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ó ń ṣáájú gìrì, kò sí orúkọ. Nígbà tí mo kà á, iná àtùpà ọjọ́ náà tún padà sójú mi. A ní orúkọ fún ìparí ọ̀nà. A kò ní fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ké sí olè tí kò mọ orúkọ rẹ̀?

Mo ń dábàá, nítorí náà, pé kí a máa pè é ní ìkìlọ̀ gìrì. Bí ẹlòmíràn bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí orúkọ náà so ohun tí a ń rí lónìí mọ́ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, ọ̀nà kan wà tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í sábà jẹ́ gbólóhùn. Ẹsẹ̀ wíwú ní ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan; kò tíì sọ nǹkan kan ní pàtó. Ṣùgbọ́n kí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, kí orí fọ́ tí kò sì lọ, kí ojú máa ṣú tàbí kí ó máa rí ohun méjì, kí abẹ́ ìhà ọ̀tún máa dùn: bí méjì nínú wọn bá pàdé, gbólóhùn ni wọ́n ti di. Ohun tí gbólóhùn náà ń sọ ni pé, «Ẹ gbé mi lọ lónìí.» Bí orí fífọ́ náà bá le gan-an, tàbí tí ojú bá ṣú, kí a má dúró de ìkejì rẹ̀. Kí aboyún má sì ra ẹ̀tù orí fífọ́ tí a ń tà lójú títì. Aspirin wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sì yẹ kí aboyún lò ó bí kò ṣe pé dókítà ni ó wọ̀n ọ́n fún un.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ìkìlọ̀ gìrì lè wà lára láìdun ènìyàn rárá. Nígbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí aboyún lè sọ. Ìfúnpá àti ìtọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ fún un. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí obìnrin kúrò nílé ìwòsàn láìjẹ́ pé a ti wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó sì béèrè iye tí ó jẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 2002, a tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, tí obìnrin tí ó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33 kópa nínú rẹ̀. Ó fi hàn pé oògùn kan tí ń jẹ́ magnesium sulphate, tí kò wọ́n, ń dín gìrì kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín àwọn tí ó ní ìkìlọ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1957 wà ní apá kan wa; ti Ilé-Ifẹ̀ wà ní apá kejì. Ìkirè wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ìbímọ ààyè 100,000 ní Nàìjíríà, ìyá 512 ni ó ń bá a lọ. Jíjìnnà ilé ìwòsàn nìkan kọ́ ni ó ń pa wá. Owó wà níbẹ̀, ọ̀nà tí kò dára wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò tí a ń fi ń sọ pé ìṣe oyún ni náà wà níbẹ̀.

ÈÈWỌ̀ ÀTI OÚNJẸ

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èèwọ̀. A kì í jẹ́ kí aboyún rìn ní ọ̀sán gangan; ìmọ̀ràn tí ó dára ni èyí, nítorí oòrùn ọ̀sán ń mú òòyì wá. Wọ́n ní kí ó fi pín-ìnì há aṣọ rẹ̀. Kò pa á lára. Ṣùgbọ́n a tún ní kí ó má jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Ọmọ gbogbo ní í da itọ́, ti ẹni tí ó jẹ ìgbín àti ti ẹni tí kò jẹ ẹ́. Ìgbín ní irin àti purotéènì, ohun tí ẹ̀jẹ̀ aboyún ń wá gan-an nìyẹn. Ó sì jẹ́ ohun tí ilé tálákà lè rí nínú igbó àti oko kòkó láìná kọ́bọ̀. Ohun tí a kà léèwọ̀ ni ó lè gbà á.

Ẹfun tí àwọn aboyún ń jẹ wá yàtọ̀. Ìfẹ́ láti jẹ ẹ́ máa ń bá àìtó ẹ̀jẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n a ti rí òjé nínú irú ẹfun bẹ́ẹ̀, òjé sì léwu fún ọpọlọ ọmọ inú. Ẹni tí ẹfun bá ń wù jẹ, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

ÀDÚRÀ ÀTI ÌBÉÈRÈ

Kí ni kí a wá ṣe sí àdúrà wa? Kí a má ṣe gbàgbé rẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò sọ fún Yorùbá pé kí ó má kí aboyún. Ní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín ikú ìyá kù, láti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀, inú àdúrà ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀: Àbíyè. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró lórí orúkọ. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa bẹ àwọn aboyún wò nílé, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pè é. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: àdúrà wà, etí tí ó ń gbọ́ náà sì wà.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa ṣe nílé. Bí aboyún bá ráhùn, ẹ ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ bi í léèrè. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń pọ̀ sí i? Kí ni ó tún bá a wá? Ṣé ojú rẹ ń ríran dáadáa? Ṣé ọmọ inú ń yí bí ó ṣe máa ń yí? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá rẹ kẹ́yìn? Àwọn ìbéèrè yìí kò fẹ́ ìwé kíkà, kò sì gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, tàbí omi ti ya kí ìrọbí tó dé, tàbí ọmọ kò yí bí ti tẹ́lẹ̀, tàbí ibà mú un, tàbí kò lè mí dáadáa, tàbí orí àti ojú wà bí mo ti wí, kí a má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Bí ó bá jẹ́ àyà títa, ẹ̀yìn dídùn tàbí pajápajá, kí a fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí a sì ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí mo ti sọ. Ìmọ̀ tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ yìí kì í dẹ́rù ba aboyún. Ó ń dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rù tí kò yẹ.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìnira oyún ní ìdí, wọ́n sì ní ìtọ́jú tí ó rọrùn. Pé àwọn díẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀. Pé èdè wa da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, ìṣe oyún. Àti pé àwa tí a ń fi èdè jẹun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú wọn ká. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí orí ọmọ tuntun tó lè tọ́, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè láti pọ̀n ọ́n.

Ìyàwó, tí mo sọ ìtàn rẹ̀, sọ òtítọ́ fún wa ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: ẹsẹ̀, ojú, orí, àti iná àtùpà. Kò sí èyí tí a kò gbọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí a kò ṣe ni kí a bi í léèrè.